Wọ́n Ní Àwọn Ọmọ Mi Jíwèé Wò

Mi ò tíì dárí ji Alàgbà Ọláwuyì, mi ò sì ní í torí pé mo ń kọ̀wé kí n wá máa ṣe bí ẹni tó ti gbàgbé. Ọmọ ìlú mi ni, Ìkìrun la ti jọ wá. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé ìwé tí òun ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní Zaria, òun náà ló fi ọkàn ìyá mi balẹ̀ lórí fóònù tí ìyá mi fi gbà kí n lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ibí yìí nìkan á ní kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́ nígbà náà, mo dúpẹ́ dáadáa. Ohun tó ṣe sí àwọn ọmọ mi lẹ́yìn náà ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn ọmọ mi tí mo ń wí yìí, èmi kọ́ ni mo bí wọn. Àwọn ọmọ adití ni, àti àwọn tí etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, tí wọ́n ń kàwé ní ẹ̀ka kan tí obìnrin tó ni ilé ìwé wa ní Hanwa yà sọ́tọ̀ fún wọn. Hajiya ni gbogbo wa ń pe obìnrin náà. Nígbà tí mo sọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe nílé, àǹtí mi kan béèrè bóyá ìṣirò ò kúkú ti le tó fún ẹni tó ń gbọ́ràn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Mo ti rí ọyẹ́ rí ní Ìkìrun, àmọ́ tibí yìí ń wọ inú eegun. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì pe ìyá mi pé àìsàn ti dé o. Obìnrin tó ni ilé tí mo háyà ló wò mí tó rẹ́rìn-ín, tó bu òrí fún mi pé kí n fi pa ara. Ó fi Hausa bá mi sọ̀rọ̀ títí, "sannu" nìkan ni mo rí mú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo kọ́kọ́ dé ọjà Sabon Gari, mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá kan tó ń ta aṣọ, ará Ìlọrin. Inú mi dùn débi pé mo kúnlẹ̀ kí i bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì pe ọmọbìnrin rẹ̀ pé kó wá kí àǹtí tó ti ilé dé. Ọmọ náà fi Hausa kí mi, ó ní "Ina wuni," ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ní kí n má bínú, Yorùbá yé e, kò kàn wá sẹ́nu rẹ̀ ni. Mo ń rò ó bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pé báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí tèmi náà tó máa há sí mi lẹ́nu.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Mo dojú kọ pátákó, mo ń kọ, mo sì ń ṣàlàyé ohun tí mo ń kọ. Ohùn mi dùn létí ara mi. Nígbà tí mo yíjú padà, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Ẹ̀yìn orí mi ni wọ́n ti ń wò láti àárọ̀.

Bí mo ṣe tún fẹ́ kọjú sí pátákó, ọmọbìnrin gíga kan dìde níjókòó ẹ̀yìn. Rabi ni orúkọ rẹ̀, Danmagaji ni ilé wọn, àìsàn yírùnyírùn ló mú etí rẹ̀ lọ nígbà tó wà ní kékeré. Ó wá bá mi, ó di èjìká mi méjèèjì mú, ó yí mi padà títí mo fi dojú kọ kíláàsì, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ó tọ́ka sí ẹnu mi, ó tọ́ka sí ojú ara rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń kọ̀wé tán kí n tó sọ̀rọ̀.

Àwọn ló kọ́ mi ní èdè ọwọ́. Mo ti kọ́ díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àmọ́ ti inú ìwé yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ Zaria ń sọ, torí wọ́n ti kó ti ilé wọn àti ti ọjà pọ̀ mọ́ ọn. Lásìkò ìsinmi, Rabi á jókòó tì mí, á máa jẹ màsà rẹ̀, àkàrà ìrẹsì ilẹ̀ Hausa, á sì máa tọ́ka sí nǹkan kí n lè fi ọwọ́ pe orúkọ rẹ̀. Bí ìka mi kan bá tẹ̀ níbi tí kò yẹ kó tẹ̀, á mi orí, màá sì tún un ṣe.

Àwọn adití kì í jókòó kí wọ́n máa to lẹ́tà orúkọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá rí lára ẹni ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Èmi, torí èjí mi, ìka ni wọ́n fi ń kan eyín iwájú. Hajiya, wọ́n á fọwọ́ ṣe jígí ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pe Alàgbà Ọláwuyì, wọ́n á di etí ara wọn mú, wọ́n á fà á. Mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé pé bó ṣe máa ń fa etí àwọn nìyẹn bí àwọn bá pẹ́ dé. Ó ti pẹ́ nílé ìwé yẹn ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wọn, kò sì mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ dà wá láàmú nínú iṣẹ́ wa ni lẹ́tà tó máa ń dúró fún iye tí a ò mọ̀. Wọ́n á wo x lójú pátákó, wọ́n á wò mí. Kí ni x? Mélòó ni? Kí ló dé tó jẹ́ márùn-ún lánàá tó tún jẹ́ méjì lónìí? Mo ra ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà, mo bu díẹ̀ sínú ọwọ́, mo sì di ọwọ́ náà. Mo to ẹ̀pà mẹ́ta sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ méje. Mo wá gbé ọwọ́ dídì náà kiri iwájú wọn. Rabi ló kọ́kọ́ na ìka mẹ́rin sókè, ó sì fi ipá ṣí ọwọ́ mi kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ka ẹ̀pà náà, ó fò sókè, ó sì jẹ wọ́n. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ dídì ti di x ní kíláàsì wa, gbogbo ìdọ́gba tí mo bá kọ sójú pátákó, wọ́n á kọ́kọ́ di ọwọ́ wọn.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe ìyá mi kí n lè ròyìn rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ó dáa. Ó wá béèrè pé ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ mi. Ó ní ẹni tó ní ẹnu lòun ń bi mí.

Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí n lo ọjọ́ kan gbáko kí ọ̀rọ̀ Yorùbá má jáde lẹ́nu mi àfi ìgbà tí mo bá ń gbàdúrà. Ilé Ọláwuyì ní GRA nìkan ni mo ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù mí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ á gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ka iwájú mi, Alàgbà á máa pè mí ní àbúrò mi, á máa béèrè bóyá igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa ní Ìkìrun ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ilé yẹn. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo ti kórìíra ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ kí n tó máa wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Ìdánwò ìgbéga ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá yege nínú ìṣirò ló ń lọ sí kíláàsì àgbà. Bàbá Rabi, tó jẹ́ káfíńtà, ti sọ ọ́ níwájú mi pé bí ọmọ náà bá fìdí rẹmi, ilé ìwé ti tán fún un nìyẹn, kó jókòó ti ìyá rẹ̀ kó máa rán fìlà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Lójú tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti gbìyànjú ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Rabi mọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ. Kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú fìlà rírán, ó kàn wù ú kó di ẹni tó ń ya àwòrán ilé, ó sì ti mọ̀ pé láìsí ìṣirò, kò sí ọ̀nà.

Ní ilé ìwé wa, olùkọ́ kì í ṣọ́ ìdánwò iṣẹ́ tirẹ̀. Ọláwuyì ló ṣọ́ wọn. Mo wà ní kíláàsì mìíràn nígbà tí mo rí àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àsìkò ò sì tíì tó. Rabi ló jáde kẹ́yìn. Ọláwuyì fi etí fà á jáde, ó fà á kọjá níwájú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn tí wọ́n ń ṣeré nínú ọgbà. Ìwé wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, ó ti fi yíǹkì pupa fa ìlà kọjá lórí gbogbo rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọwọ́ wọn ò dúró láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, wọ́n ń fi ìka sọ ìdáhùn fún ara wọn. Mo ṣàlàyé. Mo ní ọmọ tó ń gbọ́ràn, tó bá ń ronú, ẹnu rẹ̀ á máa jẹ ọ̀rọ̀ náà wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn wọ̀nyí, ìka ni tiwọn. Bí wọ́n bá ń ṣírò, ọwọ́ wọn á máa ka nǹkan náà lábẹ́ tábìlì, ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan ti rí i.

"Àbúrò mi," ó ní, "mo ti ń ṣọ́ ìdánwò kí wọ́n tó bí ẹ. Ọwọ́ lẹnu tiwọn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nínú ìdánwò ti jíwèé wò."

Mo béèrè bóyá ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó ní kò di dandan kí òun gbọ́ ọ. Ó wá wò mí dáadáa, ó ní àbí èmi ni mo kọ́ wọn ní àṣà náà kí wọ́n lè gbé orúkọ mi ga lọ́dọ̀ Hajiya. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Kí n tó délé, ìyá mi ti ń pè. Ọláwuyì ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pe Ìkìrun, ó ti sọ fún ìyá mi pé mo ti ń gbójú sókè sí òun, pé ìlú tí mo dé ti ń yí mi lórí.

"Ó ní torí àwọn ọmọ odi lo ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà," ìyá mi wí. "Ẹni kan ṣoṣo tí a ní níbẹ̀ nìyẹn o. Lọ bẹ̀ ẹ́."

Mi ò bá ìyá mi jiyàn. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo pa fóònù, mo sọ ọ́ síta nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ Yorùbá pé ojú máa tì ẹ́, Ọláwuyì, ojú máa tì ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Sísọ ọ́ dùn mọ́ mi. Mo tún un sọ nígbà tí mo ń gé àlùbọ́sà, mo tún un sọ nínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ náà sì wẹ̀yìn wò mí.

Ohun tó bí mi nínú jù ni fóònù yẹn. Ó lè bínú sí mi níbi iṣẹ́, a jọ wà níbẹ̀. Àmọ́ ilé mi ló lọ gbá mú, ilé tí mo ń pè tí ọkàn mi bá ti bàjẹ́. Mo wá rí i pé gbogbo ìgbà tó ń pè mí ní àbúrò mi, ohun tó ń sọ ni pé kí n mọ ẹni tó ni mí. Rabi ò mọ Ìkìrun, kò lè pe orúkọ mi lẹ́nu, àmọ́ òun ló yí mi padà nígbà tí mo ń bá pátákó sọ̀rọ̀. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi ibi tí mo máa dúró sí.

Bàbá Rabi wá lọ́jọ́ Ajé láti kó ẹrù ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ jíwèé wò, ìtìjú ọ̀rọ̀ náà sì hàn lójú rẹ̀. Hausa tí mo ti gbọ́ nígbà yẹn kò pọ̀, mo fi gbogbo rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè títí di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní, "Haba, Malama," bí ẹni tó ń sọ pé kí ló dé, olùkọ́, ó mi orí, àmọ́ kò kó ẹrù náà. Rabi dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹnu wa. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ tán, ó fi ọwọ́ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó yẹ kí òun máa jókòó lórí ọwọ́ òun tí òun bá ń ṣe ìṣirò. Mo ní kò yẹ. Mo ní ẹnìkan ló máa jìyà ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ìwọ.

Mo lọ bá Hajiya. Mi ò sunkún níwájú rẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti mọ Ọláwuyì, kò sì fẹ́ràn ariwo. Ohun tí mo béèrè kéré: kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe ní ọ́fíìsì rẹ̀, lójú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Alàgbà Ọláwuyì fúnra rẹ̀ kọ ìbéèrè, kí wọ́n sì kọjú àga ọmọ náà sí ògiri. Ọláwuyì gbà kíákíá. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí ìbéèrè rẹ̀, mo rí i pé inú iṣẹ́ kíláàsì tó ga ju tiwọn lọ ló ti kó ìdajì. Mi ò ráhùn. Mo fẹ́ kó le.

Rabi ló kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó, ó dojú kọ ògiri, Hajiya wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Ọláwuyì àti èmi dúró lẹ́yìn. Ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú bírò. Kò pẹ́ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, lórí itan rẹ̀, ó di ọwọ́, ó ṣí i, ó na ìka, ó ká a, ó tún di ọwọ́. Ọláwuyì na ọwọ́ sí i.

"Hajiya, kin gani?" ó ní, ó ń bi í bóyá ó ti rí i báyìí. "Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Hajiya yọ jígí ojú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà, ó wo ògiri tó wà níwájú rẹ̀, tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ àfi ibi tí ọ̀dà ti ń bó.

"Da wa take magana?" ó béèrè. Ta ni ọmọ náà ń bá sọ̀rọ̀?

Ọláwuyì ní bó ti wù kó rí, àṣà tí kò dáa ni, ẹni tó mọ nǹkan kì í fi ara ṣe é, orí ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. Ẹlòmíràn á ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ fi hàn ti hàn. Èmi ò fi í sílẹ̀. Mo sọ fún Hajiya pé mo ní ẹ̀bẹ̀ kan, kí Alàgbà bá wa fi orí ṣe ìṣirò kan, mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́rìnlélógún, láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ inú ilé rẹ̀ gbá létí. Hajiya ní kó dá mi lóhùn.

Ó gbójú sókè sí àjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ètè rẹ̀ ń mì. Ọdún tí mo ti lò pẹ̀lú àwọn ọmọ adití ti kọ́ mi láti ka ètè, mo sì ka tirẹ̀ bí ìwé: mẹ́rin lọ́nà méje, méjìdínlọ́gbọ̀n, kọ mẹ́jọ, gbé méjì. Yorùbá ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ní Ìkìrun ló ṣì ń ṣe é, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ọmọdé. Ó gba ìdáhùn náà, irínwó ó lé mẹ́jọ, ó sì sọ ọ́ síta tìgbéragatìgbéraga.

Hajiya ò bìkítà nípa ìdáhùn. Ẹnu rẹ̀ ló ń wò.

"Da wa kake magana, Alàgbà?" ó bi òun náà.

Mo ti rò ó ní onírúurú ọ̀nà bí ojú ṣe máa tì í, èyí dùn ju gbogbo wọn lọ. Ọrùn rẹ̀ wú, ó yíjú sí mi, mi ò sì gbé ojú mi kúrò. Mo wò ó tẹ́rùn. Rabi ò mọ ohunkóhun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti dé orí ìbéèrè kẹta, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ó yege. Àwọn yòókù náà ṣe tiwọn, ẹnì kan ṣoṣo ni ò yege, òun náà sì gbà pé òun ò kàwé. Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá Rabi wá gbọ́ ọ lẹ́nu Hajiya fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni, ó sì fi ẹrù ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọláwuyì àti ìyàwó rẹ̀ wá sílé mi lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ará ìjọ, pé ọ̀rọ̀ ilé ni, ká parí rẹ̀ nílé. Mo gbé omi fún wọn.

"Ìta lẹ ti fa etí ọmọ yẹn, sà," mo ní.

Ìyàwó rẹ̀ tẹ orí ba. Ó dùn mí nítorí tirẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti jẹ oúnjẹ ilé, mi ò sì tíì padà sínú ilé náà títí di òní. Ìyá mi náà pè, ó ní àgbà ti wá bẹ̀ mí, kí ni mo tún ń fẹ́? Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún Hajiya lọ́jọ́ Ajé nígbà tó bi mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé e. Ẹni tí wọ́n bá lé á lọ jókòó síbòmíràn, á máa pe ara rẹ̀ ní ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Mo ní kó wá kọ́ èdè ọwọ́, ní kíláàsì, níwájú gbogbo àwọn tó fagi lé ìwé wọn, kí Rabi sì jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Hajiya rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti tún ìbòrí rẹ̀ tó ń yọ̀ lórí ṣe. Ó kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ Ọláwuyì.

Ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ilé ìwé bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mi ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo ń ra kúlíkúlí, mo ń jókòó lẹ́yìn, mo ń wò ó. Ìka rẹ̀ le bí igi. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín mẹ́fà àti mẹ́ta, àwọn ọmọ á na ìka sókè láti tọ́ ọ sọ́nà, Rabi á sì ní kí wọ́n jẹ́ kó ronú. Mo ń retí kí Rabi fa etí rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún un ní gbangba pé bó bá fà á, mi ò ní rí i. Kò fà á. Á kàn mú ìka àgbàlagbà náà, á tẹ̀ ẹ́ sí ibi tó yẹ kó tẹ̀ sí, á ní kó tún un ṣe.

Lọ́jọ́rú kan tí oòrùn mú, Ọláwuyì ń fi ìka ka nǹkan títí ó fi ń làágùn. Ó dé ogójì, ó ṣì í, Rabi ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Ó tún ṣì í. Rabi nu pátákó, ó ní láti ọ̀kan. Alàgbà wá yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn.

"Àbúrò mi," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un pé ó ti tó."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi irú ohùn yẹn sọ Yorùbá sí mi ní Zaria. Mo gbé kúlíkúlí mi sílẹ̀, mo sì fi ọwọ́ dá a lóhùn pé kó sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀. Kò yé e. Ó béèrè ohun tí mo wí, mi ò la ẹnu. Rabi ló tún un ṣe níwájú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó lè yé e.

Ọláwuyì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá gbé e sókè, ó sì fi í sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá Rabi sọ láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà nílé ìwé yẹn. Ó rẹ̀ mí, ó wí. Jọ̀ọ́.

Rabi gbójú kọjá orí àwọn ọmọ yòókù wò mí, ó béèrè bóyá kí òun fi í sílẹ̀. Mo ní rárá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sọ ọ́ kó lè mọ̀ pé mi ò ṣeré. Ó wo ọwọ́ mi dáadáa, bó ṣe máa ń wo ìdáhùn tí kò dá a lójú, lẹ́yìn náà ló fi ìka kan àyà ara rẹ̀.

"Èmi ni olùkọ́ rẹ̀," ó wí.

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ní kí Alàgbà máa lọ sílé, ó sì kọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sójú pátákó.